Ọdẹ́dìran ní Ìlú Tí Wọ́n Ti Ń Wòran Lọ́fẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó, ẹ na ẹsẹ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lórí ìdúró, ẹ wá ògiri fara tì. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí gùn, ó sì ti rẹ ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn ín kí ó tó kan ẹni tí yóò fi ẹnu sọ ọ́.

Ọdẹ kan wà ní ìsàlẹ̀ odò ní ìlú wa, Ọdẹ́dìran ni orúkọ rẹ̀. Ó ti dàgbà débi pé bí ó bá fẹ́ dìde nílẹ̀, yóò kọ́kọ́ bẹ orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá gbà, èkejì lè kọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ó máa ń jókòó sábẹ́ igi fúrúntù iwájú ilé rẹ̀, àwọn ènìyàn a sì yí i ká láti gbọ́ ìtàn ọdẹ. Bí ara rẹ̀ bá yá, a máa lu àyà.

"Èmi Ọdẹ́dìran! Èmi tí mo gbá ẹkùn létí, tí ẹkùn ní òun ni òun jẹ̀bi! Èmi tí ẹfọ̀n rí lókèèrè tí ó kí mi kú iṣẹ́!"

Ìyàwó rẹ̀, Àyọ̀ká, a sì dáhùn láti inú ilé: "Ẹfọ̀n wo, bàbá Níyì? Ṣé èyí tí ó lé yín gun igi ọsàn?"

"Àyọ̀ká, mo gun igi kí n lè rí i dáadáa ni."

Gbogbo ènìyàn a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan Ìlú Ìwòran, Ọdẹ́dìran kì í lu àyà. Ohùn rẹ̀ a lọ sílẹ̀, Àyọ̀ká náà kì í sì í dá sí i. Bí ó ṣe sọ ọ́ ni n ó ṣe sọ ọ́.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ọdẹ́níyì. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ ọdẹ, ó sì kọ́ ọ débi pé ọmọ náà mọ̀ ọ́n ju bàbá lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, ó yìnbọn lu ìgalà kan, ìgalà náà kò kú, ó sá, Ọdẹ́níyì sì tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ inú igbó lọ. Kò padà. Ẹgbẹ́ ọdẹ jáde láti wá a. Súfèé ni wọ́n fi wá a, nítorí a kì í pe orúkọ ọdẹ nínú igbó. Ẹni tí ó bá pè é, gbogbo ohun tí ń gbé inú igbó ni yóò fi ohun tí wọ́n ń wò tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò yíjú sí olúpè. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, kò sì sí ọdẹ tí ó fẹ́ dán an wò. Wọ́n súfèé títí ètè wọn fi bó. Igbó kò dáhùn.

Ọdún yípo. Lójoojúmọ́ ni Àyọ̀ká ń bu oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀, tí ó ń fi ọmọrí dé e, tí ó sì ń dà á fún adìẹ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí ó yá, Olúọ́dẹ, olórí gbogbo ọdẹ ìlú, wá jókòó níwájú Ọdẹ́dìran.

"Ọdẹ́dìran, ọ̀rọ̀ yìí wúwo lẹ́nu mi. Òkú ọdẹ tí a kò ṣípà rẹ̀ kì í sinmi, kì í sì í jẹ́ kí ẹgbẹ́ sinmi. Bí oṣù tuntun bá ti lé, a ó ṣípà Ọdẹ́níyì."

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá rí i rí, báyìí ni ìṣípà ṣe rí. A ó gbẹ́ igi bí ènìyàn, a ó wọ̀ ọ́ ní aṣọ ọdẹ tí ó kú, a ó fi apó rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn, a ó sì gbé e lọ sí ẹnu igbó. Láti ọjọ́ náà lọ, òkú ti gba ilé rẹ̀, kò ní yà wá bá wa mọ́. Ohun tí ó dára ni fún ẹni tí ó kú. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe é fún ẹni tí ó wà láàyè, ọ̀nà ilé yóò pa mọ́ ọn lójú, kò ní rí i mọ́ láéláé.

"Bí ọmọ mi bá wà láàyè ńkọ́?" Àyọ̀ká ló bèèrè.

Olúọ́dẹ wo ilẹ̀. Ó dìde, ó bọ́ síta.

Nígbà tí ó lọ tán, Àyọ̀ká kò sunkún. Ó gbé ìbọn ọkọ rẹ̀ wálẹ̀ láti orí àjà, ó nu eruku ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Ẹ lọ mú un wá fún mi kí oṣù tó lé."

"Àyọ̀ká, ó ti rẹ̀ mí."

"Mo mọ̀. Ẹ gbé àárẹ̀ náà dání, kí ẹ máa lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe lọ. Ọ̀nà kò ní ìtàn títí ó fi dé Igbó Àìsinmi. Ibẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú igbó yìí, kò sí ohun tí ó gbà kí ènìyàn jókòó lé òun. Ọdẹ́dìran jókòó sórí ìtì igi kan, ìtì igi dìde, ó gbọn ara rẹ̀ bí obìnrin tí ń gbọn ìró, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó jókòó sórí òkúta, òkúta wúkọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn ń dùn mí." Ó fara ti igi àràbà, àràbà sún sẹ́yìn, bàbá ṣubú. Ó ní kí òun kúkú sùn síbi tí òun ṣubú sí, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ rẹ̀, ó ń gbé e padà sí ibi tí ó ti wá. Ó di dandan kí ó dìde. Ó rìn ín já láìjókòó, láìfojú kan oorun, títí ojú rẹ̀ fi pọ́n bí osùn. Títí di òní ó máa ń sọ pé ẹkùn kò ba òun lẹ́rù tó ìtì igi yẹn.

Ní òpin igbó náà ni ó ti bá iwin kan tí ẹnu rẹ̀ wà níkùn, tí ó nà gbọọrọ dí ọ̀nà.

"Dáhùn kí o kọjá," ni iwin wí. "Kí ni ohun tí à ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, tí kì í tán lọ́wọ́ ẹni tí ó ń fúnni, ṣùgbọ́n tí ẹni tí a fún kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́?"

Ọdẹ́dìran kò tilẹ̀ ronú. "Ọ̀gbẹ́ni, má yọ mí lẹ́nu. Ojú ń ta mí, jẹ́ kí n wá ibi sùn sí."

Iwin bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ikùn rẹ̀ ń mì. "Ojú ni! Ojú náà ni! Àwọn ọlọ́gbọ́n ti jókòó síbí ronú títí irùngbọ̀n wọn fi hu ewé, ìwọ dáhùn bí ẹni tí ń yán. Kọjá, baba àgbà. Ṣùgbọ́n rántí ohun tí o fi ẹnu ara rẹ sọ."

"N kò mọ ohun tí mo sọ," ni Ọdẹ́dìran wí, ó sì kọjá.

Ìlú Ìwòran tí ó yọ sí tóbi púpọ̀. Ọdún ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọn kì í sì í parí rẹ̀. Wọn kò kọ́ ilé kankan fún ìwòran. Ìta gbangba ni ohun gbogbo ti ń ṣẹlẹ̀, lábẹ́ afárá, lórí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́, ní ibùdókọ̀ tí ọkọ̀ kì í dé. Àwọn tí ń ṣe é kì í ṣe oníjó tàbí olórin bí a ṣe mọ̀ wọ́n. Ọkùnrin kan ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi gba àárín ìgboro kọjá. Omi ń jò tán, ó ń padà lọ pọn òmíràn, kò sì bínú. Àwọn kan dùbúlẹ̀ sójú títì, ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá ní láti kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kí ará ilé rẹ̀. Àwọn kan gbé pósí òfìfo, wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò wọ inú rẹ̀, kálukú ní kò kan òun. Àwọn iwin tí ń wòran sì kún bí eéṣú: èyí tí ojú rẹ̀ wà ní orúnkún, èyí tí ojú rẹ̀ wà ní ìpàkọ́, èyí tí ó yọ ojú rẹ̀ tí ó gbé e sókè bí àtùpà kí ó lè ríran lórí àwọn tí ó ga jù ú lọ. Akéde ń ké kiri: "Ọ̀fẹ́ ni o! Ọ̀fẹ́ ni! Ojú lásán ni kí ẹ mú wá!"

Ọdẹ́dìran rí àwọn kan tí wọ́n tò. Ó rò pé wọ́n ń pín omi tàbí ibùsùn fún àlejò ni, ó bá bọ́ sẹ́yìn wọn. Ó dúró títí. Ó fọwọ́ kan ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ léjìká.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí là ń tò fún?"

"Bàbá, títò náà ni."

"Mo rí i pé a tò. Kí ló wà níwájú?"

"Ẹni àkọ́kọ́ ni."

"Kí ni ẹni àkọ́kọ́ ń dúró dè?"

Ẹni náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́n. "Àwa ni, kí a lè tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, wọ́n ń wò wá."

Ọdẹ́dìran wẹ̀yìn. Lóòótọ́, agbo iwin ti yí wọn ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó ní kí òun bọ́ kúrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé. Ó fà á bí ẹni ń fa ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, kò gbé. Ọpẹ́lọpẹ́ ìjà orí pósí tí ó gbóná lójijì, tí gbogbo ojú yí síbẹ̀, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fi tú. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́.

Obìnrin kan jókòó níbẹ̀, ènìyàn bíi tiwa, kì í ṣe iwin. Ó gbé òkúta sórí itan, ó ń wẹ̀ ẹ́ bí ọmọ tuntun. Ó fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, ó da omi sí i lẹ́yìn, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo iwájú rẹ̀ kí ọṣẹ má baà ta á lójú.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ jókòó."

"Àtẹ̀gùn yìí kì í dìde?"

"Rárá o."

Ọdẹ́dìran jókòó. Ẹ̀yin ará mi, ìjókòó lásán, omi bọ́ lójú akọni.

"Mo ń wá ọmọ mi," ni ó wí. "Ọdẹ ni. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́."

"Ọdẹ oríta! Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Òun ni wọ́n fẹ́ràn jù. Iwájú yín níbẹ̀ yẹn ni."

Bàbá gbójú sókè, ó sì rí Ọdẹ́níyì. Aṣọ ọdẹ rẹ̀ ti ya, egungun àyà rẹ̀ yọ. Ìbọn wà léjìká rẹ̀, ó ń yọ́ kẹ́lẹ́ tẹ̀lé ìgalà tí kò sí níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀, ó dà á sílẹ̀ láti mọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ó gbé gìgísẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Gbogbo oríta di èémí mú. Bí ó ti fẹ́ yìn ín, ìgalà tí kò sí ti sún. Àwọn iwin mí kanlẹ̀: "Háà!" Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú Ọdẹ́dìran bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, ó tún wo bí ẹsẹ̀ ọmọ náà ti fúyẹ́ tó, ó sì dùn mọ́ ọn, nítorí òun ló kọ́ ọ.

"Ta ló so ó mọ́lẹ̀?"

"Kò sí ẹni tó so ó. Ẹni tí ojú bá wà lára rẹ̀ nílùú yìí kò lè fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, àfi bí gbogbo ojú bá kúrò."

"Kí ló dé tí àwọn òǹwòran kì í lọ sílé?"

"Ìbá ṣe pé wọ́n ń sanwó ni, owó ìbá tán, wọn ìbá lọ. Ọ̀fẹ́ ni, bàbá. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé Àńjọ̀fẹ́. Ẹ ti gbọ́ ọ rí."

Ọdẹ́dìran dìde, ó ṣe ohun tí ọdẹ máa ń ṣe. Ó súfèé.

Ọdẹ́níyì dúró gbọin.

Ó tún súfèé. Ọmọ náà le sí i bí òpó. Àwọn iwin ń fi ìgbúnwọ́ gún ara wọn láìsọ̀rọ̀, nítorí wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Bàbá súfèé lẹ́ẹ̀kan sí i, kíkankíkan, bí wọ́n ti súfèé nígbà tí wọ́n ń wá a. Àwọn tí ń wo pósí fi pósí sílẹ̀, wọ́n sáré wá. Àwọn tí ń wo ìtò fi ìtò sílẹ̀. Ojú wá ṣù bo ọmọ náà bí eṣinṣin. Ìgbà yìí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Ọdẹ́dìran. Súfèé tí à ń fún ẹni tó sọnù ń bèèrè pé, níbo lo wà? Ṣùgbọ́n súfèé tí à ń fún ẹni tó ń dọdẹ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kan ni: má mira, ẹran wà nítòsí. Ọmọ rẹ̀ kò sì mọ̀ pé òun sọnù. Ó rò pé òun ń dọdẹ.

"Bàbá," ni obìnrin náà wí, "ẹnu yín lẹ fi ń dè é. Ẹ ò ṣe pè é lórúkọ?"

"A kì í pe orúkọ ọdẹ nínú igbó."

"Ṣé igbó nìyí?"

"Lójú ọmọ mi, igbó ni. Bí mo bá sì pè é, èmi ni wọn yóò yíjú sí."

Obìnrin náà da omi sí òkúta rẹ̀.

Ọdẹ́dìran wo sánmà. Oṣù àtijọ́ ti tín-ín-rín ní ojú ọ̀sán bí èékánná tí a gé sọnù. Ó rántí àwo tí Àyọ̀ká ń fi ọmọrí dé. Ó bẹ orúnkún rẹ̀ ọ̀tún, ó bẹ tòsì, ó rìn lọ sí àárín oríta, ó sì kígbe:

"Ọdẹ́níyì! Ọdẹ́níyì ọmọ Àyọ̀ká! Ìyá rẹ ti bu oúnjẹ sílẹ̀, ó ti ń tutù!"

Ojú gbogbo yí. Ó ní ó dà bí ìgbà tí òjò fi ìhà kan ìgboro sílẹ̀ tí ó bọ́ sí ìhà kejì. Ó wúwo lára rẹ̀ ju ẹrù lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìbọn bọ́ léjìká Ọdẹ́níyì. Ọmọ náà ṣẹ́jú bí ẹni tí a jí lójú oorun.

"Bàbá? Ìgalà yẹn..."

"Kò sí ìgalà. Máa lọ sílé. Wọ́n fẹ́ ṣípà rẹ bí oṣù bá lé."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Bí o bá dúró wò mí, ojú tìrẹ náà yóò kún ojú wọn. Kẹ̀yìn sí mi kí o máa lọ."

"Bàbá, n kò lè kẹ̀yìn sí yín."

"Níyì, mo ti bẹ orúnkún mi lónìí. Ṣé ìwọ náà ni kí n tún bẹ̀?"

Ọdẹ́níyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó dìde, ó yí ẹ̀yìn sí bàbá rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ẹkún ń gbọ̀n ọ́n léjìká. Ó sáré.

Ó wá ku Ọdẹ́dìran nìkan láàárín oríta, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú. Ohun tí ènìyàn bá ń ṣe nígbà tí ojú bá bà lé e ni yóò máa ṣe lọ. Kí ni bàbá yìí ń ṣe? Kì í jó, kì í dọdẹ. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́ nìyẹn. Ó jókòó sílẹ̀ yẹn, ilẹ̀ kò sì rìn. Ó fi àpò ọdẹ rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí, ó nà tàntàn nínú oòrùn ọ̀sán, gbogbo oorun tí Igbó Àìsinmi jẹ ẹ́ ní gbèsè sì dé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Àwọn iwin sún mọ́ ọn.

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń sùn."

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Dákẹ́. Ó jinlẹ̀."

Wọ́n wò ó. Wọ́n tún wò ó. Bàbá yí ẹ̀gbẹ́ padà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan yán. Èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà yán. Yíyán kì í wò pé iwin ni tàbí ènìyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹnu dé ẹnu bí iná inú pápá. Ojú orúnkún pa dé, ojú ìpàkọ́ pa dé. Ẹni tí ó gbé ojú rẹ̀ lọ́wọ́ dì í sínú àpò. Àwọn tí wọ́n tò sùn lórí ìdúró, àwọn oníjà pósí sì wọ inú rẹ̀ tán, wọ́n gbórí léra wọn láyà. Akéde ṣubú pẹ̀lú "ọ̀fẹ́" lẹ́nu.

Nígbà tí Ọdẹ́dìran jí, ìgboro dákẹ́ rọ́rọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé. Ó gbé èkejì, kò gbé. Ojú kan ṣì kù lára rẹ̀. Ó wo àtẹ̀gùn.

"Ẹ má bínú, bàbá," ni obìnrin náà wí. "Bí ẹ ti ń sùn ni mo ń wò. Ó wù mí." Ó gbé òkúta rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i. Ẹsẹ̀ bàbá tú.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ. Kò sí ojú kankan lára yín mọ́."

"Mo mọ̀. Kì í ṣe ojú ló dè mí." Kò wẹ̀yìn. "Ọmọ mi ò tíì mọ́ ni."

Ọdẹ́dìran fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ohun tí òun rí nílùú yẹn, obìnrin náà nìkan ni ó yé òun.

Nígbà tí ó padà dé Igbó Àìsinmi, ìtì igi ọjọ́sí rí i ní ọ̀ọ́kán, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó." Ó jókòó, ìtì igi kò sì mira.

Ní ẹnu igbó ìlú wa ni àyà rẹ̀ ti já. Igi ìṣípà dúró níbẹ̀. Wọ́n ti gbé e dé. Ó yí i ká, ó ń wá aṣọ Ọdẹ́níyì lára rẹ̀, ó ń wá apó rẹ̀. Kò sí aṣọ, kò sí apó. Ìhòòhò ni igi náà wà.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe jẹ́. Àwọn ọdẹ ti gbé igi náà jáde kúrò nínú àgbàlá nígbà tí Ọdẹ́níyì já dé, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àyọ̀ká fò mọ́ igi, ó bọ́ aṣọ ọmọ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ìṣípà tí a bá ti gbé jáde kì í padà wọlé. Olúọ́dẹ ní, "Aṣọ ta ni kí a wá wọ̀ fún un? Bàbá rẹ̀ kò sí níbí." Ó kan ń bèèrè ni. Àyọ̀ká kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀: "Ẹ kò ní wọ aṣọ ọkọ mi fún igi. Ẹ gbé e lọ ní ìhòòhò." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e lọ, ohun tí ojú kò rí rí nílùú wa.

Ọdẹ́dìran kò tíì gbọ́ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ìhòòhò igi náà ti sọ fún un. "O kú òtútù," ni ó wí fún igi. Ó jókòó tì í, àwọn méjèèjì sinmi díẹ̀.

Nígbà tí ó wọ àdúgbò, gbogbo ènìyàn tú jáde. Tọmọdé tàgbà dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń kígbe, wọ́n ń na ọrùn láti rí i. Bàbá dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ gbé mọ́.

"Ẹ má wò mí," ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí."

Ó ya gbogbo wọn lẹ́nu, àfi ẹnì kan. Ọdẹ́níyì ló kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí i, kò sì sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Àyọ̀ká wo ọmọ rẹ̀, ó yé e, òun náà yí ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni Olúọ́dẹ, lẹ́yìn náà gbogbo àdúgbò, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ni ó ń rí bí ó ti ń kọjá láàárín wọn lọ sílé. Àyọ̀ká ti tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi ta ẹnu ọ̀nà. Àwo méjì tí ó fi ọmọrí dé ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ọ̀kan ti ṣófo, Ọdẹ́níyì ti jẹ tirẹ̀ tán.

Nítorí náà, bí ẹ bá kọjá ní ìsàlẹ̀ odò, tí ẹ bá rí àwọn ènìyàn lábẹ́ igi fúrúntù tí wọ́n kẹ̀yìn sí àgbàlagbà kan, ẹ má pè wọ́n ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ìtàn ló parí, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Ó ti rẹ èmi náà. Ẹ bá mi yíjú.